Bí Oyèkúnlé Ṣe Pa Ìyá Lami ti Basin

Ohun tí Oyèkúnlé ti gbé mì fún odindi ọdún kan àbọ̀, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1992 ló bì í jáde, kò sì wá kọ̀rọ̀ kankan bì í sí. Orí afẹ́fẹ́ ló ti bì í, níṣojú gbogbo Ìlọrin. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù. Àwọn tó ní rédíò ti yí i sí ibi tí ètò Ẹ Súnmọ́ Mi ti máa ń wáyé, wọ́n ń retí ẹ̀rín ọkùnrin náà tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹ̀rín kò dé. Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyí: “Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀. Mo ti pa irọ́ fún yín, irọ́ náà sì ti fẹ́ pa mí. Tí mo bá sọ ọ́ lónìí, iṣẹ́ mi lè lọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, orí mi ló máa lọ. Mo ti rò ó títí. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ lọ.”

Àhmádù tó jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì gbé ìka lé bọ́tìnnì láti pa ohùn rẹ̀. Ó gbé ìka lé e títí ètò fi parí, kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Oyèkúnlé, Onítẹ̀bọmi paraku, ó sì ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Àdúgbò Fate ní Ìlọrin ló ń gbé pẹ̀lú Àyànfẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, àti Ìníolúwa ọmọ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka lẹ́tà tí àwọn èèyàn bá kọ nípa aáwọ̀ ilé wọn, kó fi àwàdà tú u, kó sì fi orin sí i. Ọlọ́run fún un lóhùn, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn. Ohun tí kò fún un ni etí tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó sì gbàgbé. Nígbà náà, kò sí ohun mìíràn tí olóòtú fi ń mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn òun bí kò ṣe lẹ́tà. Ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n máa ń gbé àpò rẹ̀ dé láti posọ́fíìsì, Oyèkúnlé á sì fi ọwọ́ gbé e wò kó tó ṣí i. Tó bá wúwo, ọbẹ̀ á dùn lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tó bá fúyẹ́, láti ẹnu ọ̀nà ni Àyànfẹ́ á ti mọ̀, torí kò ní kí ẹnikẹ́ni.

Ó sọ lórí afẹ́fẹ́ pé lọ́jọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, àpò náà wúwo dáadáa. Lẹ́tà inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rin, gbogbo wọn ń yìn ín, àfi ọ̀kan. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Yísà, Ọjà-Ọba, ló kọ ọ́, kò sì ju ìlà méjì lọ. Ó ní ohùn Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé dára, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín kí àwọn olùgbọ́ tó rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín. Kó jọ̀ọ́, kó máa dúró dè wọ́n. Yísà kò bú u, kò sì ṣépè. Ó tiẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há Oyèkúnlé lọ́fun bí eegun ẹja. Ó gbàgbé ọgọ́rin, ó di ẹyọ kan mú, ó kì í bọ àpò ẹ̀wù, ó ń gbé e kiri. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá lóòótọ́ lòun máa ń tètè rẹ́rìn-ín. Àyànfẹ́ ní kó jẹ iyán rẹ̀ kó tó tutù. Oyèkúnlé ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Àyànfẹ́ ní iyán náà kì í ṣe ìbéèrè.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Oyèkúnlé ṣe ètò látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìrẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn lẹ́tà tó dé lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló kí i pé ẹ kú ara fẹ́ra kù, wọ́n ní ta ló kú nílé? Ó tún gbìyànjú láti máa ka ẹní, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kọ̀wé pé kí ilé-iṣẹ́ bá wọn ra ẹ̀rọ tuntun, torí ẹ̀rín Oyèkúnlé ti ń pẹ́ kó tó dé Òfà.

Ibí yìí ni èṣù ti tì í, tàbí kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ti ara rẹ̀ tó ń purọ́ mọ́ èṣù. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ó rò ó pé ta ló lè pa Yísà Ọjà-Ọba lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní láti jẹ́ ìyá àgbà, mùsùlùmí òdodo, ọmọ Ìlọrin tí kò ṣe é já lóhùn. Ló bá jókòó sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì mú bírò kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ má baà dá ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀, ó kọ ọ́ pé: “Ọmọ mi Oyèkúnlé, máa rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ọ́. Ẹni tí ẹ̀rín rẹ bá ń dí lọ́wọ́, kó pa rédíò rẹ̀ kó lọ gbálẹ̀. Èmi ni Ìyá Lami, Basin.” Ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó gbé e lọ sí posọ́fíìsì.

Ẹ wá wo nǹkan. Ọkùnrin yìí padà sílé, ó ń retí lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọjọ́ kejì, kò dé. Ọjọ́ kẹta, kò dé. Lọ́jọ́ kẹrin, inú bí i sí Ìyá Lami, ó ní àwọn olùgbọ́ ìsinsìnyí kò ṣe é gbójú lé. Nígbà tó dé ní Àlàmísì, ó kà á, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní ó ku díẹ̀ kí òun jókòó kọ èsì láti fi dúpẹ́. Ó kà á lórí afẹ́fẹ́, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ú, ó sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Bó ṣe dùn mọ́ ọn tó nìyẹn, ló bá tún kọ òmíràn.

Kò pẹ́ tí Ìyá Lami fi gba ìlú kan. Àwọn ìyàwó ilé ń bi í bí wọ́n ṣe ń mú ìyá ọkọ mọ́ra, àwọn ọkọ ń fi ẹjọ́ ìyàwó wọn sùn ún. Wọ́n wá ń kí Ìyá Lami kí wọ́n tó kí Oyèkúnlé. Ẹnì kan kọ̀wé pé kí Oyèkúnlé dín ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kù kó lè ráyè ka ti Ìyá Lami. Yísà náà kọ̀wé, ó ní ìyá yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣé kò ní wá gba ètò náà ṣe pátápátá? Ọkàn Oyèkúnlé gbọgbẹ́. Ó ń jowú obìnrin tí kò sí, obìnrin tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì òun gan-an ni. Ó ní lọ́jọ́ kan òun fẹ́ fi ìbínú ya lẹ́tà rẹ̀, òun wá rántí pé òun lòun máa tún un kọ.

Nínú gbogbo àwọn tó ń kọ̀wé sí Ìyá Lami, Mùnírátù ni kì í pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Opó tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, ó ń rán fìlà nínú agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti báṣẹ́ lọ sí Kàdúná. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ ìwé, ìkọ̀wé rẹ̀ tóbi gbàgẹ̀rẹ̀. Kì í béèrè ìmọ̀ràn. Á sọ ohun tó sè, á sọ fìlà tó rán tó wọ́, á sọ orúnkún tó ń dùn ún, lẹ́yìn náà á béèrè pé: ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ń sùn dáadáa? Oyèkúnlé kò ka àwọn yẹn lórí afẹ́fẹ́. Kò mọ ìdí. Ó kàn ń fi ọwọ́ òsì kọ èsì ránṣẹ́ sí ilé ìyá náà, Ìyá Lami sí Mùnírátù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Mùnírátù ní òun fẹ́ wá kí ọ̀rẹ́ òun ní àdúgbò Basin, Ìyá Lami lọ kí ọmọ ní Jẹ́bà. Nígbà tó tún béèrè, ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Lami. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ń kun ilé. Ilé yẹn gba ọ̀dà fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ẹni tó ń ṣe ètò, tó ń kọ lẹ́tà mọ́kànlá lọ́sẹ̀, tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ẹ ò ní retí kí orí rẹ̀ dúró sójú kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wú. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Bí ẹni méjì bá dúró sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀ níbi iṣẹ́, á ní òun ni wọ́n ń sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, Àyànfẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin nínú balùwẹ̀. Obìnrin náà ń sọ fún Oyèkúnlé pé kó má dá Yísà lóhùn, pé ìlara ló ń ṣe é. Àyànfẹ́ kò kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ọmọ odó, ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló bá, ọṣẹ bò ó lórí, kànrìnkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Ìníolúwa, èmi nìkan ni,” Oyèkúnlé yára wí.

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn,” Àyànfẹ́ wí, ó sì gbé ọmọ odó sílẹ̀. “Ká ní obìnrin ni, mo mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Orí yín ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá jà.”

Oyèkúnlé jókòó sórí kòròbà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Àyànfẹ́ ní kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó jẹ́wọ́, kó gba ìsinmi, káwọn sì jọ lọ rí dókítà. Ó ní ọkọ ló wu òun, òun kò fẹ́ gbajúmọ̀ tó ya wèrè. Oyèkúnlé jẹ́ hẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọjọ́ Ajé ṣe dé, ẹ̀rù bà á pé wọ́n á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ òun. Ló bá wá ọ̀nà àbùjá. Ó ní dípò kí òun sọ pé Ìyá Lami kò sí, òun á kúkú jẹ́ kó kú. Òkú kì í kọ lẹ́tà.

Ó kéde rẹ̀ ní Sátidé. Ó ní Ìyá Lami ti Basin ti jẹ́ Ọlọ́run nípè. Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kì í mọ ibi dídákẹ́, ló bá fi kún un pé òkú ìyá ti wà ní mọ́ṣúárì, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun, ìsìn àìsùn àti ìsìnkú á sì wáyé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ ò rí ọmọ Onítẹ̀bọmi? Bí wọ́n ṣe ń sìnkú nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣe sin Ìyá Lami. Ogún ọdún ló ti ń gbé láàrin àwọn mùsùlùmí Ìlọrin, ó ti jẹ sààráà wọn yó àìmọye ìgbà, kò sì kíyè sí i rí pé ẹni tó bá kú láàárọ̀, oòrùn kì í wọ̀ kí wọ́n tó sin ín. Lẹ́yìn gíláàsì, Àhmádù gbé ojú sókè, ó ń wò ó.

Orin tó fi sí i kò tíì tán tí èèyàn fi kún ẹnu géètì. Àwọn àfáà wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n á ti kírun sí òkú lára. Yísà fúnra rẹ̀ wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tún aago ṣe. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé ìyá tó kú yìí, mùsùlùmí ni àbí ẹja tí wọ́n ń gbé sí yìnyín? Ọ̀gá ilé-iṣẹ́, Àlàájì Abdulkadir, pe Oyèkúnlé sí ọ́fíìsì, gbólóhùn kan ló sì sọ: “Oyèkúnlé, òkú dà?” Oyèkúnlé ní ó wà lọ́wọ́ ẹbí. Ọ̀gá ní ẹbí dà? Ó ní wọ́n ti lọ sí Jẹ́bà.

Níbi tí ìjẹ́wọ́ dé yìí, Àhmádù ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì, èjìká rẹ̀ ń mì. Oyèkúnlé rí i. Ó ní àwọn olùgbọ́ lè rẹ́rìn-ín dé ibí yìí, kò burú, àmọ́ èyí tó kù kò ní ẹ̀rín nínú.

Ó ní nígbà tí Mùnírátù gbọ́ pé wọ́n gbé ọ̀rẹ́ òun sínú òtútù, ó kó obìnrin mẹ́fà lẹ́yìn láti agbo ilé wọn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, wọ́n ń bẹ àwọn tó ń ṣọ́ òkú pé kí wọ́n yọ̀ǹda Ìyá Lami fún àwọn kí àwọn sin ín bó ṣe yẹ. Níbì kan, wọ́n ní kó wá wo ìyá kan tí wọ́n gbé dé láàárọ̀. Ó wò ó. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, òun kò rí ọ̀rẹ́ òun sójú rí, ó wá gbàdúrà fún ẹni ẹlẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá sí ilé-iṣẹ́ rédíò, ó gbé àpò ọ̀rá kan dání. Aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń di òkú mùsùlùmí. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló rà á bọ̀ láti Mẹ́kà fún un, ó sì ti fi omi mímọ́ ibẹ̀ fọ̀ ọ́.

“Ọjọ́ tèmi ni mo gbé e pamọ́ dè,” ló wí. “Ọmọ mi, bá mi fi di ọ̀rẹ́ mi. Òtútù ti mú un tó.”

Oyèkúnlé gbà á. Ó lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn, àwọn méjì péré ni wọ́n wà níbẹ̀, kò sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba aṣọ náà, ó ní òun á fún ẹbí. Mùnírátù ń sunkún. Oyèkúnlé tún wá fi kún un pé, “Ìyá Lami dárúkọ yín kó tó kú.” Lórí afẹ́fẹ́, ó ní òun kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, àfi pé ẹnu tó ti mọ́ lára láti máa múnú èèyàn dùn kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó ti aṣọ náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Àpò lẹ́tà tó dé ní Àlàmísì yẹn ló wúwo jù látìgbà tí ètò ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn méjì ló gbé e wọlé. Oyèkúnlé kò lè ṣí i.

“Ìyá mi Mùnírátù,” ló wí sínú gbohùngbohùn, “ẹni tó ń kọ̀wé sí yín, èmi ni. Aṣọ yín wà lọ́wọ́ mi, mò ń gbé e bọ̀. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé sí mi pé ẹ fẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tó dáa ni, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yìn yín, ẹ jẹun. Tí wọ́n bá bú yín, ẹ jẹun. Ẹ wá ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohùn yín àfi ará ilé yín. Tí ẹ bá sì rí i pé ẹ ń bá ẹni tí kò sí sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀, ilé dókítà ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má lọ ra sítáǹbù.”

Nígbà tó jáde, Àlàájì Abdulkadir ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó ní láti ọjọ́ Ajé, yàrá tí wọ́n ń kó àwo orin àtijọ́ sí ni Oyèkúnlé á máa nu fún oṣù mẹ́fà, ibẹ̀ kò ní ohun tó ń gbé ohùn síta. Àyànfẹ́ ti wà ní géètì, ó ti bá dókítà kan fi ọjọ́ sí i. Oyèkúnlé ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dé Ọjà-Ọba. Ó fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín ọjà kọjá, aṣọ funfun náà ní abíyá, àwọn tó gbọ́ rédíò ń nàka sí i, wọ́n ní ẹ wo ẹni tó pa Ìyá Lami.

Mùnírátù wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń rán fìlà. Rédíò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti pa á. Oyèkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó na aṣọ náà sí i. Ìyá gbà á, ó tú u wò látòkè délẹ̀ bóyá ìdọ̀tí wà lára rẹ̀, ó ká a padà, ó fi sí ẹ̀gbẹ́. Kò sọ pé kó dìde. Oyèkúnlé bẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀bẹ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀.

“Àwọn ọmọ mi sọ pé rédíò lásán ni mò ń kọ̀wé sí,” ìyá wí. “Mo ní rárá o, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń dá mi lóhùn. Tí mo bá wá ń béèrè pé ṣé o ń sùn, ta ni mò ń bi?”

Oyèkúnlé ní òun ni.

“Ṣé o ń sùn?”

Ó ní òun kò sùn. Ó ní ó ti pẹ́. Ẹkún wá gbọ̀n ọ́n, ọkùnrin tó ti ń pa gbogbo Kwara lẹ́rìn-ín.

Ìyá jẹ́ kó sunkún tán. “Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lo pa,” ló wí. “Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ dípò rẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, kí o wá jókòó sórí ẹní yìí, ká jọ máa sọ̀rọ̀. Mi ò ní yìn ọ́, mi ò sì ní bú ọ. Má mú lẹ́tà kankan dání.”

Oyèkúnlé ní òní kì í ṣe Jímọ̀. Ìyá ní òun mọ̀, ó sì sún fún un lórí ẹní. Ọkùnrin náà wo àyè tó ṣí sílẹ̀ yẹn. Kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe níbi tí wọn kò ti ní yìn ín. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó.